Ojú Tí Kò Ní Etí: Láti Peckham dé Afárá Twickenham

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ èdè Yorùbá ní London láìwọ ilé ẹnikẹ́ni, kí ó lọ sí Rye Lane ní Peckham ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Yóò rí iṣu tí a tò sí ẹ̀bá títì, yóò rí ẹja gbígbẹ, ata rodo àti ewédú, yóò sì gbọ́ ohùn àwọn ìyá tí ń ná ọjà bí ẹni pé Ọjà Ọba ní Ìbàdàn ni wọ́n wà. Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní àdúgbò náà ní ìgbà ooru, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń fi ọkọ̀ kó ẹrù fún àwọn tí ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa. Mo ṣàkíyèsí pé bí ọ̀rọ̀ owó ilé àti ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú bá ti tán lẹ́nu àwọn ènìyàn wa níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ni ó kù. Ta ni wọ́n kọ̀wé sí lọ́sẹ̀ yìí? Eélòó ni wọ́n ní kí ó san? Orí òpó wo ni kámẹ́rà náà wà tí kò fi rí i?

Nítorí náà, ní ọjọ́ kan tí iṣẹ́ kò sí, mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí a wa ọkọ̀ la ìlú náà já, láti Peckham dé afárá Twickenham ní apá ìwọ̀ oòrùn, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà tí ń mú eré àsápajúdé dúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1992. Bọ̀ọ̀dá wò mí tìyanu-tìyanu.

“Àbúrò,” ni wọ́n wí, “àwọn ènìyàn máa ń wá sí London láti wá wo ààfin ọba. Òpó kámẹ́rà ni ìwọ fẹ́ wò.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Bí a ti ń ka òpó

A gba Old Kent Road, òpópónà gbọọrọ tí ọ̀pọ̀ ìjọ àwọn ọmọ Nàìjíríà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a ti ń lọ, Bọ̀ọ̀dá ń nawọ́ sí àwọn òpó fún mi, bí ọdẹ àgbà ti ń fi ipasẹ̀ ẹran han ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Èyí tí ó wà lókè òpó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ojú ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ni ó ń ṣọ́. Èyí tí ó wà létí iná, ẹni tí ó bá kọjá nígbà tí iná ti pọ́n ni ó ń dúró dè. Àpótí aláwọ̀ ìyeyè tí ó kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀, eré ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń fi ìgbì rédíò wọn eré ọkọ̀. Bí eré náà bá ti kọjá òdiwọ̀n, yóò ya àwòrán méjì, èkejì yóò tẹ̀lé èkíní ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ìlà funfun kéékèèké tí a fi ọ̀dà kùn sójú títì ni a fi ń mọ bí ọkọ̀ náà ti rìn jìnnà tó láàrin àwòrán méjèèjì. Ìlà wọ̀nyí ni ẹlẹ́rìí kejì, bí ẹ̀rọ bá ṣi ìṣirò rẹ̀.

Ní oríta kan, wọ́n fa ìlà ìyeyè ní ìdábùú-ìdábùú sójú títì bí àwọ̀n apẹja. Òfin ibẹ̀ kò ṣòro láti sọ: má ṣe wọ inú àwọ̀n náà àyàfi bí ọ̀nà ìjáde rẹ bá ti ṣófo. Ẹni tí ó fẹ́ yà sí ọ̀tún, tí ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú sì dí i lọ́wọ́, ni ó lè dúró sínú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá dúró kí táyà wọn tó kan ìlà. Ọkọ̀ tí ó wà lẹ́yìn wa fọn fèrè, ó tún fọn ọ́n. Wọn kò dá a lóhùn.

“Fèrè kò lówó lórí,” ni wọ́n wí. “Àwọ̀n yìí ni ó lówó lórí.”

Ní àwọn òpópónà ńlá London, ìtanràn irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ £160. Ẹni tí ó bá tètè san án láàrin ọjọ́ 14, £80 ni yóò san. Ẹni tí ó bá rò pé òun kò jẹ̀bi ní láti pinnu bóyá òun yóò jà tàbí òun yóò sanwó kí ìdajì tó bọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ni wọ́n ń sanwó láìjà, kì í ṣe nítorí pé wọ́n gbà pé àwọn ṣẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé wọn kò ní àyè láti jókòó kọ lẹ́tà lẹ́yìn iṣẹ́ òru.

Oníbodè tí a kò lè kí

Ní Elephant and Castle, Bọ̀ọ̀dá fi lẹ́tà C funfun kan hàn mí, tí a kọ sínú àyíká pupa. Ààlà ni. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2003 ni ọkọ̀ tí ó bá wọ àárín gbùngbùn London ti ń san owó, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè dín kù. £5 lóòjọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀; nígbà tí yóò fi di 2020, ó ti di £15.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ibodè níbẹ̀ rárá. Ní ayé àtijọ́, ìlú Yorùbá tí ó ní odi ní oníbodè. Oníbodè a máa gba owó lọ́wọ́ alájàpá, ṣùgbọ́n ènìyàn ni. A lè kí i, a lè bèèrè àlàáfíà ilé rẹ̀, a lè sọ fún un pé ọjà kò tíì tà, pé a ó san án bí a bá ń padà bọ̀. Ó lè gbà, ó sì lè kọ̀; ó kéré tán, yóò gbọ́. Ní Elephant and Castle, kámẹ́rà a ka nọ́ńbà ọkọ̀, kọ̀ǹpútà a wá nọ́ńbà náà sínú àkọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ a parí. Àlejò lè kọjá ààlà náà láìmọ̀ pé òun kọjá ohunkóhun, títí lẹ́tà yóò fi dé.

Bọ̀ọ̀dá kò kọjá. Wọ́n yà sí òsì, wọ́n rọra gba etí ààlà náà lọ sí Vauxhall, nítorí pé ọ̀nà tí ó yí àárín ìlú ká kò gba owó.

Ọ̀nà tí ó ń mú ọmọdé húkọ́

Láti Vauxhall a gba Battersea dé Wandsworth, a sì bọ́ sójú South Circular, ọ̀nà tóóró kan tí ọkọ̀ ń wọ́ lórí rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Nítòsí ọ̀nà kan náà yìí, ní Lewisham ní apá ìlà oòrùn, ni ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Ella Adoo-Kissi-Debrah gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ikọ́ fée ń bá a jà. Ó kú ní oṣù Kejì ọdún 2013, ní ọmọ ọdún 9. Ìyá rẹ̀ kò dákẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, lẹ́yìn ìwádìí kejì lórí ikú náà, adájọ́ tí ó ṣe ìwádìí kéde pé afẹ́fẹ́ tí èéfín ọkọ̀ ti bà jẹ́ wà lára ohun tí ó ṣekú pa ọmọ náà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé ó rọrùn láti bú kámẹ́rà èéfín. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni òfin èéfín, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ULEZ, bẹ̀rẹ̀ ní àárín London. Ní 2021 ó dé South Circular. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ó bo gbogbo ìlú náà. Ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ kò bá òdiwọ̀n mu, pàápàá ọkọ̀ dísẹ́lì tí a ṣe ṣáájú 2015, yóò san £12.50 ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí a bá wà á. Ẹni tí kò bá san án yóò rí ìwé ìtanràn £180, tàbí £90 bí ó bá san án láàrin ọjọ́ 14. Ìjọba ìlú náà fún àwọn ènìyàn ní owó ìrànwọ́, tí ó tó £2,000 lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kí wọ́n lè yọwọ́ nínú ọkọ̀ àtijọ́. Síbẹ̀ inú bí àwọn kan débi pé wọ́n ń jáde lóru lọ gé òpó kámẹ́rà lulẹ̀. Blade Runners ni wọ́n ń pe ara wọn.

Ọkọ̀ ẹrù tí Bọ̀ọ̀dá ń lò nígbà náà, dísẹ́lì ọdún 2012 ni. Wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ fún mi bí a ti dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. £12.50 fún ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ £75 lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 52, ó jẹ́ £3,900. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò tó iye yẹn mọ́ lọ́jà. Wọ́n tà á, wọ́n sì jẹ gbèsè ra òmíràn. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n bínú.

“Mo bínú gan-an,” ni wọ́n dáhùn. “Ṣùgbọ́n ikọ́ fée ń ṣe ọmọ mi kékeré náà. Ìwọ náà gbọ́ ọ lóru àná. Ta ni kí n bínú sí?”

N kò ní èsì.

Lórí afárá Twickenham

Ní oríta Chalker’s Corner a yà sí ojú A316, kò sì pẹ́ tí afárá náà fi yọ. Ọdún 1933 ni wọ́n ṣí i. Odò Thames ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, igi pọ̀ ní bèbè odò, àwọn òbí sì ń ti ọmọ kiri nínú kẹ̀kẹ́. Bọ̀ọ̀dá gbé ọkọ̀ sí àdúgbò tí ó wà nítòsí, a fi ẹsẹ̀ rìn gun afárá. N kò wá òkúta ìrántí tàbí kámẹ́rà àtijọ́ níbẹ̀; mo kàn fẹ́ dúró sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí irú kámẹ́rà náà jẹ orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ọlọ́pàá. Asáré-ìje ọkọ̀ ni, ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan tí ń jẹ́ Maus Gatsonides, tí ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Monte Carlo ní 1953. Ohun tí ó ń wá ni bí yóò ṣe mọ eré tirẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti kọ́, kí ó lè sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irinṣẹ́ asáré ni ó padà di pàkúté asáré. Nígbà tí wọ́n gbé e sí ojú A316, níbi tí òdiwọ̀n eré ti jẹ́ máìlì 40 ní wákàtí kan, ó ka awakọ̀ tí ó lé ní 22,000 tí wọ́n sáré ju máìlì 60 lọ, láàrin ọjọ́ 22 péré. Ọlọ́pàá mélòó ni ìbá dúró sórí afárá yẹn tọ̀sán-tòru kí wọ́n tó lè rí irú iye bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí ó ya ẹ̀yìn ọkọ̀ kò mọ ẹni tí ó jókòó sídìí ọkọ̀. Ìdí nìyí tí òfin fi ní kí ìwé ìkìlọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọkọ̀ wà lórúkọ rẹ̀ láàrin ọjọ́ 14, tí ó sì fún un ní ọjọ́ 28 láti sọ ẹni tí ó wa ọkọ̀ náà. Ìtanràn eré tí ó kéré jù ni £100 àti àmì 3 lórí ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Bí àmì náà bá pé 12 láàrin ọdún 3, wọ́n lè gba ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ ẹni náà fún ìgbà kan. Níbi ìwé ìbéèrè yìí ni àwọn kan ti ń ṣubú. Ní 2017, kámẹ́rà ka máìlì 41 fún ọkọ̀ Fiona Onasanya, aṣòfin tí ó ṣojú Peterborough, ní ibi tí òdiwọ̀n ti jẹ́ 30. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni inú wa dùn nígbà tí orúkọ bẹ́ẹ̀ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó purọ́ nípa ẹni tí ó wa ọkọ̀ náà. Ó gba ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, àwọn olùdìbò sì fọwọ́ sí ìwé tí ó yọ ọ́ nípò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019. Ọ̀rọ̀ tí ó lè parí sí owó ìtanràn àti àmì mélòó kan di ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n.

Ibo ni etí wà?

Orí afárá náà ni mo ti bi Bọ̀ọ̀dá ní ìbéèrè tí mo gbé wá láti ilé: èwo ni ó sàn, kámẹ́rà tàbí òṣìṣẹ́ ojú pópó? Wọ́n ti wa ọkọ̀ ní Èkó fún ọdún 11 kí wọ́n tó rìnrìn àjò. Wọ́n ronú díẹ̀.

“Ní Èkó, mo lè sọ̀rọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo lè sọ pé ilé ìwòsàn ni mo ń gbé aláìsàn lọ, ọ̀gá náà á wo ẹ̀yìn ọkọ̀, á rí i, á ní kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan náà lè dá mi dúró lọ́jọ́ tí n kò ṣẹ̀, nítorí pé kò tíì jẹun. Kámẹ́rà kì í gba ẹ̀bẹ̀, kì í sì í gba rìbá. Kò mọ ọmọ olóyè yàtọ̀ sí ọmọ aláàárù.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. £160 kò wúwo bákan náà lápò olówó àti lápò ẹni tí ń kó iṣu. Bẹ́ẹ̀ ni ojú tí a gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ kan kì í sábà dúró lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ní 2022, olórí ìlú London, Sadiq Khan, fún àwọn ọlọ́pàá láyè láti máa lo ohun tí àwọn kámẹ́rà èéfín bá rí. Àkọsílẹ̀ nọ́ńbà ọkọ̀ tí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó jọ lè wà nípamọ́ fún oṣù 12, ti ẹni tí ó ṣẹ̀ àti ti ẹni tí kò ṣẹ̀. Ẹni tí ó lọ sí mọ́ṣáláṣí, ẹni tí ó lọ rí dókítà, ẹni tí ó lọ sí ibi ìwọ́de, gbogbo wọn ni òpó ń kà bí wọ́n ti ń kọjá.

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Tẹnu ara rẹ̀ nìkan ni kámẹ́rà ń gbọ́. Ta ni yóò wá gbọ́ ti awakọ̀?

Ìyá kan tí ilé wọn kò jìnnà sí ti Bọ̀ọ̀dá ni ó fún mi ní ìdáhùn. Ìyá náà kó kúrò ní ilé kan sí òmíràn, ìwé ìtanràn káńsù kan sì ń lọ sí ilé àtijọ́. Ọjọ́ 14 kọjá, ọjọ́ 28 kọjá. Owó náà fi ìdajì lé sí i, ó di gbèsè tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí, títí àwọn agbowó fi kan ilẹ̀kùn wọn láàárọ̀ kùtùkùtù. Ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wọn ni ó sọ fún wọn pé òfin fún ẹni tí ìwé kò tẹ̀ lọ́wọ́ láyè láti kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i pé òtítọ́ ni òun sọ. Bí wọ́n bá gbà á, ẹjọ́ yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún sọ fún wọn pé bí káńsù bá kọ àwíjàre ẹni, àwọn adájọ́ kan wà tí kò sí lábẹ́ káńsù, tí a lè pe ẹjọ́ sí lọ́dọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn méjèèjì jókòó sídìí tábìlì ìdáná, wọ́n kọ ìwé náà. Nígbà tí ìdáhùn dé, ẹjọ́ ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ìyá náà sì rí àyè sọ tẹnu wọn fún ìgbà àkọ́kọ́.

Etí wà, nígbà náà. Ṣùgbọ́n orí ìwé ni ó wà, ó ní ọjọ́ tí ó máa ń dí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ìjọba nìkan ni ó sì gbọ́. Ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà, bákan náà ni ó rí lójú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí.

Ohun tí mo gbé padà wálé

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ti ń gbé kámẹ́rà tí ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ sójú títì. N kò sọ pé kí wọ́n má ṣe é. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba afárá Third Mainland ní ọ̀gànjọ́ òru mọ ohun tí eré àsápajúdé lè ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ilẹ̀ wa ni ó ṣì wà lórúkọ ẹni tí ó ti tà á, ilé púpọ̀ ni kò ní nọ́ńbà tí lẹ́tà lè fi dé ẹnu ọ̀nà, nọ́ńbà fóònù sì ń pààrọ̀ ọwọ́. Bí ojú bá ka nọ́ńbà ọkọ̀, ta ni ìtanràn yóò lọ bá? Bí ó bá bá ẹni tí kò ṣẹ̀, ọ́fíìsì wo ni yóò gbọ́ tirẹ̀, ní èdè wo, láàrin ọjọ́ mélòó? Ṣé a kọ òdiwọ̀n eré síbi tí awakọ̀ lè rí i? Títí di ìgbà wo ni àwòrán ọkọ̀ ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ yóò wà nípamọ́? Ìbéèrè wọ̀nyí ni ó yẹ kí a gbé síwájú àwọn aṣòfin wa nísinsìnyí, nígbà tí òpó kò tíì pọ̀.

Èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ tiwa kò tó bẹ́ẹ̀ ní líle. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ wo ìwé rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí: orúkọ ta ni ó wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù ta ni? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, tí ẹ ní òbí tàbí àǹtí tí ń to lẹ́tà aláwọ̀ ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n nítorí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n láti ṣí i, ẹ lọ bá wọn jókòó. Ẹ bá wọn ṣí i, ẹ kà á fún wọn ní Yorùbá, kí ẹ sì wo déètì tí ó wà lórí rẹ̀ kí ọjọ́ 14 tó pé.